Rọ́ọ̀gì ni, àbí lámínéètì? Ẹ kọ́kọ́ bi ilẹ̀ yàrá yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kan ní Ìbàdàn ni, ilé tó ti pẹ́ díẹ̀, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá tí èmi àti ọkọ mi máa sùn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀ rẹ̀, ilé ìwẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èmi fẹ́ rọ́ọ̀gì láti ògiri dé ògiri, torí ẹsẹ̀ máa ń tutù mí lóru, mo sì fẹ́ràn kí ilẹ̀ rọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi ní lámínéètì lòun fẹ́, àwọn pátákó pẹlẹbẹ tó jọ igi tí wọ́n ń tò sílẹ̀ yẹn, pé rọ́ọ̀gì ti di ohun àtijọ́. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin tó ṣì ń sùn lọ́dọ̀ wa, ní ásímà. Ìyá ọkọ mi náà sì máa ń wá lo oṣù kan tàbí méjì lọ́dọ̀ wa. Èwo ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ilé á tura fún yín, ẹ ó fi ṣe ọmọ, ẹ ó fi ṣe owó.

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ bí yàrá ṣe tóbi tó, ẹ sọ àwọn tó máa sùn níbẹ̀, ẹ tiẹ̀ sọ èyí tí ọkọ fẹ́ àti èyí tí ìyàwó fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò sọ ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n bá pè mí síbi iṣẹ́: ṣé ilẹ̀ yẹn gbẹ? Mi ò bèèrè bóyá ó gbẹ lójú o. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lè gbẹ lójú kó sì máa fa omi lábẹ́, pàápàá nínú ilé tó ti pẹ́. Ìjà rọ́ọ̀gì àti lámínéètì tí ẹ ń bá ọkọ yín jà, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹnì kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ẹ̀yin méjèèjì kò tíì rí, omi ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí iṣẹ́ ilẹ̀ títẹ́ yìí kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo tẹ́ lámínéètì sí yàrá kan ní Ìkòròdú, yàrá ìsàlẹ̀ bíi tiyín. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là. Mo fi ọwọ́ pa ilẹ̀, ó gbẹ. Mo tẹ́ fóòmù, mo to pátákó lé e lórí, ọjọ́ kan péré ni mo fi parí rẹ̀, inú onílé sì dùn débi pé ó fún mi ní owó mọ́tò lé owó iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù keje, ó pè mí. Kò pariwo lórí fóònù, ó kàn ní kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Gbogbo ibi tí pátákó kan ti pàdé èkejì ló ti wú sókè bí etí ìwé tí òjò pa. Mo fi ọ̀bẹ yọ pátákó kan lẹ́bàá ògiri, mo gbé fóòmù abẹ́ rẹ̀ sókè, omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láìjẹ́ kó gbẹ. Kò sẹ́ni tó da omi síbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti gòkè wá. Owó ara mi ni mo fi ra táìlì tí a fi rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tí mo fi ń dán ilẹ̀ wò kì í wọ́n nínú àpò irinṣẹ́ mi.

Ohun tó fà á kò le láti yé èèyàn. Ihò tíntìntín pọ̀ nínú sìmẹ́ńtì, ó sì máa ń fa omi láti inú erùpẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Níbi tí bíríkìlà bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, á ti tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sílẹ̀ kó tó da kọnkéré tí wọ́n ń pè ní Jámánì flọ́ọ̀ lé e lórí. Ọ̀rá yẹn ló ń dí omi lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ya kí wọ́n tó da kọnkéré tán. Bí ilẹ̀ náà bá wà ní ìhòòhò, omi tó bá gòkè á bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wá. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ́ nǹkan bò ó ni kò ní rí ibi gbà jáde mọ́. Bó bá jẹ́ lámínéètì ni ẹ tẹ́, inú pátákó ló máa wọ̀. Bó bá jẹ́ rọ́ọ̀gì ni, ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì ló máa mu ún, á wá máa bu níbi tí ojú yín kò tó.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ohunkóhun, ẹ ra ọ̀rá tó mọ́ gaara, èyí tó nípọn díẹ̀. Ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan sí mítà kan. Ẹ gbá ilẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sẹ́bàá ògiri tó kọjú síta, ọ̀kan sẹ́bàá ilé ìwẹ̀, ọ̀kan sáàárín yàrá, kí ẹ fi téèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa débi tí afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Wákàtí 24 ni ó kéré jù. Èmi máa ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá padà dé tí ẹ rí omi tó sẹ̀ bí òógùn sí inú ọ̀rá, tàbí tí ojú sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ń gòkè nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ìdánwò yìí kò lè sọ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ ṣe é lọ. Ilẹ̀ tó yege nígbà ọyẹ́ lè fìdí rẹmi nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró di oṣù kẹfà tàbí ìkeje, tàbí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ọ̀dà bá ń ṣí níbẹ̀ bí awọ tí oòrùn bó, tàbí tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hu jáde lára rẹ̀, ẹ kò nílò ọ̀rá mọ́. Ògiri ti jẹ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbà pé ilẹ̀ yín gbẹ. Kí wá ni lámínéètì yìí gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pákó ni, àwọn tó ń tà á kì í sì í já wọn ní irọ́. Ẹ mú ègé kan, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo ibi tí ayùn gbà. Lókè pátápátá, nǹkan kan wà tó ń dán, tó fẹ́lẹ́ bí bébà, ìyẹ̀fun líle tí wọ́n fi ń ṣe sáǹpépà ló wà nínú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó tètè họ. Abẹ́ rẹ̀ ni àwòrán igi wà. Bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò ni! Igi ọ̀mọ̀ tàbí ìrókò tí ẹ ń rí yẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ fọ́tò ni ara rẹ̀ gangan wà: igi tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ẹ̀lúbọ́, tí wọ́n po mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. Ara yìí ló lágbára láti gbé bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, òun náà sì ni kò lè gba omi. Bó bá mu omi, á wú. Bó bá wú, kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́, bí ẹ tilẹ̀ gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ní 1977. Mo máa ń rántí ìyẹn bí oníbàárà bá ń bi mí pé kí ló dé tó fi ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Inú ilé àwọn èèyàn yẹn máa ń gbẹ nígbà òtútù nítorí iná tí wọ́n ń dá sínú rẹ̀. Tiwa, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ pàápàá tutù. Iyọ̀ inú agolo á máa sun omi. Ẹ tún wá fi àṣà Sátidé wa kún un. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ọṣẹ ìyẹ̀fun, ìgbálẹ̀ gígùn, ká da á sílẹ̀ ká máa fọ̀ ọ́ ká sì gbá a síta. Ẹni tó bá ń bá yín tọ́jú ilé lè ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ kò sí nílé, tinútinú ni yóò sì ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta irú ẹ̀ tó láti ba lámínéètì jẹ́. Aṣọ tí a fún dáadáa, tí omi kò kán lára rẹ̀ mọ́, ni wọ́n fi ń nù ún.

Ilé ìwẹ̀ tó wà nínú yàrá yín náà ń kó mi láyà díẹ̀. Ẹni tó wẹ̀ jáde á gbé omi wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́, ẹni tó ṣe àlùwàlá á gbé e wá lẹ́ẹ̀márùn-ún, ibì kan náà ni wọ́n sì máa ń tẹ̀. Ẹ ní kí bíríkìlà gbé ojú ọ̀nà ilé ìwẹ̀ yẹn sókè díẹ̀, kó fi táìlì ṣe é, kí lámínéètì má dé ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Kí ẹ tún wo abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù bí ẹ bá ní. Mo ti rí ibi tí ó ń kán sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́rin láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sí rọ́ọ̀gì. Mi ò ní bá ọkọ yín pè é ní ohun àtijọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ará wa tó ń gbé fúláàtì ní London kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu: nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilé òkè níbẹ̀, dandan ni kí wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì, kí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè má baà gba oorun lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Rọ́ọ̀gì ń gbé ariwo mì. Ó ń rọ ẹsẹ̀ lára, ó sì ń rọ orúnkún ẹni tó máa ń dìde gbàdúrà láàárín òru lára. Bí ọmọ bá ṣubú lé e, ẹkún rẹ̀ kì í pẹ́. Ohun tí ẹ ń fẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn rárá.

Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri kò ṣeé gbé síta. Gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Ìgbálẹ̀ wa kì í mú eruku inú rẹ̀ jáde, ńṣe ló ń rú u sókè, táá sì tún padà bà sílẹ̀ kí ẹ tó jáde ní yàrá. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì nílò iná. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Bí ọmọ bá tọ̀ sí i, bí ọbẹ̀ bá dà sí i, ẹ lè fi ọṣẹ nu ojú rẹ̀ kó mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbẹ bọ̀rọ̀ nígbà òjò. Ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù kún un. Rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀gì olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà. Bí ooru bá ti tó dígírì 160 tàbí kó lé díẹ̀ ló ń yọ́. Áyọ́ọ̀nù tí a bá sì ṣí sí ibi aṣọ òwú lè gbóná tó 200. Ìyàwó ilé wo ni kò tẹ́ aṣọ sórí rọ́ọ̀gì rí láti lọ bùbá kan kíákíá kó tó jáde? Mo ti rí ojú áyọ́ọ̀nù lórí rọ́ọ̀gì tó pọ̀, ó máa ń gbẹ, ó máa ń le, kò sì ṣeé fi ohunkóhun bò ju kí a fa bẹ́ẹ̀dì lé e lọ.

Mo wá dé orí ọmọ yín, torí òun ló yí èrò mi padà nígbà tí mò ń ka lẹ́tà yín. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n mọ̀ rèé. Àwọn kòkòrò kan wà nínú eruku ilé tí ojú lásán kò lè rí. Ìpẹ́pẹ́ tó ń bọ́ lára wa ni wọ́n ń jẹ. Wọn kì í mu omi bíi tiwa. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń fa omi, ìdí nìyẹn tí ibi tó bá gbẹ fi ń pa wọ́n, tí ibi tó bá tutù, tó rọ̀, tó ṣókùnkùn fi jẹ́ ilé wọn. Ìgbẹ́ wọn ló ń mú kí ásímà ọ̀pọ̀ èèyàn ru sókè. Ẹ wo rọ́ọ̀gì tó nípọn, nínú yàrá ìsàlẹ̀, nígbà òjò ní Ìbàdàn: ẹ ò lè kọ́ ilé tó dára jùyẹn lọ fún wọn.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí ẹ bá ti yọ rọ́ọ̀gì kúrò, ó ti parí. Inú mátírẹ́ẹ̀sì àti ìrọ̀rí ni àwọn kòkòrò yìí fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ara wa ti ń bọ́ sílẹ̀ fún wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lóru. Ẹ máa fi omi gbígbóná tó tó dígírì 60 fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹ máa gbé ìrọ̀rí sínú oòrùn. Ilẹ̀ tó le pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. Eruku kò ríbi dì mú níbẹ̀, fáànù á wá máa gbé e káàkiri. Bí ẹ bá ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá lámínéètì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọmọ lè máa sín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aṣọ tó tutù díẹ̀, lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì-kejì, ló ń mú eruku.

Ikán ńkọ́? Bí mo ṣe sọ, igi lílọ̀ ni ara lámínéètì, oúnjẹ ikán ni. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ikán tó ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tààrà, tí oúnjẹ sì wà lókè orí rẹ̀. Inú ìlà kékeré tó wà láàárín ilẹ̀ àti ògiri ló ń gbà wọlé. Fóòmù kò lè dá a dúró, ọ̀rá kò lè dá a dúró. Nígbà tí ẹ bá máa mọ̀, ojú pátákó á ṣì máa dán, fọ́tò igi á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka kàn án, á dún bí agolo òfìfo. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri àti férémù ilẹ̀kùn bóyá ẹ ó rí ọ̀nà ẹrẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá ikán abìyẹ́ máa ń tú jáde nínú ilé náà bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Bí ikán bá wà, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ oògùn ikán kọ́kọ́ lu ihò sí ẹsẹ̀ ògiri, kó sì fa oògùn sí i, kí ẹ tó tẹ́ ohunkóhun. Ọ́ìlì dúdú tí àwọn kan ń dà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sí yàrá tí ọmọ alásímà ń sùn.

Ní tèmi o, bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ikán kò sì sí, lámínéètì ni kí ẹ tẹ́. Ọkọ yín ló jàre, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìdí tó sọ. Ẹ wá ra rọ́ọ̀gì kékeré méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tiyín, ọ̀kan fún tirẹ̀, èyí tí ọwọ́ kan lè ká, tí ẹ lè gbé sórí okùn nínú oòrùn ní Sátidé kí ẹ sì lù ú. Ibi tí ẹsẹ̀ yín máa kọ́kọ́ tẹ̀ bí ẹ bá jí lóru kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ibẹ̀ ló yẹ kó rọ̀. Lámínéètì fúnra rẹ̀ kì í tutù bíi sìmẹ́ńtì tàbí táìlì, torí igi lílọ̀ àti fóòmù abẹ́ rẹ̀ kì í fa ooru ẹsẹ̀ lọ kíákíá. Nígbà tí ooru oṣù kẹta bá dé, tí wọ́n mú iná lọ, ẹ ó rí ibi tẹ́ ara sí. Ẹni tó ní rọ́ọ̀gì láti ògiri dé ògiri kò ní i.

Nítorí Màmá ni mo ṣe ń sọ èyí: rọ́ọ̀gì kékeré tí kò ní rọ́bà lẹ́yìn, lórí lámínéètì, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló rí. Ìṣubú kan ṣoṣo lè ba ìbàdí àgbàlagbà jẹ́. Kí rọ́bà wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí rẹ̀.

Bí ọ̀rá bá sì fi omi hàn yín ńkọ́? Ẹ gbàgbé méjèèjì. Táìlì ni kí ẹ tẹ́, pẹ̀lú rọ́ọ̀gì kékeré kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń ta nǹkan ìparí ilé á sọ fún yín pé vínílì tó ń so mọ́ra wà, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun òkúta àti rọ́bà ṣe, pé omi kì í ṣe é ní nǹkan kan, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò tíì lọ síbì kankan, abẹ́ rẹ̀ ló máa sápamọ́ sí, táá máa bu níbẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tó máa fa afẹ́fẹ́ yẹn símú.

Bó bá jẹ́ lámínéètì ni ẹ máa rà, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14 jẹ́ bíi mítà 15.6 níbùú lóròó (square metre). Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí ibi tí wọ́n máa gé dànù, ó di 17.2. Bí páálí kan bá gba 2.2, páálí mẹ́jọ ni yín. Ẹ ra mẹ́jọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà tó wà lára páálí wọn bára mu, torí àwọ̀ fọ́tò lè yàtọ̀ láti ìgbà kan sí èkejì. Èyí tó nípọn tó mílímítà 8 tó fún yàrá. Ẹ ó rí AC3 tàbí AC4 lára páálí, bí ojú rẹ̀ ṣe lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń sọ. AC3 tó yín. Bí ọlọ́jà bá ń ti yín sí AC5, ilé ìtàjà ni irú ẹ̀ wà fún, kì í ṣe ibi tí èèyàn mẹ́ta ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe jùyẹn lọ ni pé kí ẹ tọrọ ègé kékeré, kí ẹ wọn bó ṣe nípọn tó, kí ẹ rì í sínú abọ́ omi láti alẹ́ ọjọ́ kan di alẹ́ kejì, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ṣe é fún oríṣi méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó bá wú díẹ̀ jù ni kí ẹ rà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ẹ gbé àwọn páálí náà sí yàrá yẹn gan-an fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí ara rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Bí ẹ bá gbé pákó gígùn tó tọ́ sórí rẹ̀, tó gùn tó mítà méjì, tí àyè abẹ́ rẹ̀ ju mílímítà mẹ́ta lọ níbì kan, kí bíríkìlà tún un ṣe. Ọ̀rá tó nípọn ni kó kọ́kọ́ sùn sílẹ̀, kí ẹnu ọ̀kan gun orí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Fóòmù mílímítà méjì tàbí mẹ́ta ló kàn. Ẹ̀yin lè fẹ́ fóòmù tó nípọn jùyẹn nítorí kó lè rọ̀, ẹ má ṣe é: pátákó á máa mì lórí rẹ̀, ìdè ẹnu rẹ̀ á sì ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àyè mílímítà mẹ́wàá sílẹ̀ yí ògiri ká. Ibí ni àwọn oníṣẹ́ wa ti máa ń kánjú jù. Wọ́n á tì í mọ́ ògiri kó lè wò dáadáa, òjò á dé, pátákó á fẹ̀, kò ní ríbi lọ, á wá wú sókè láàárín yàrá bí ìgbà tí ológbò wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, ẹ dúró tì wọ́n títí ẹ ó fi rí àyè yẹn pẹ̀lú ojú ara yín. Pákó ẹsẹ̀ ògiri ló máa bò ó, ara ògiri ni kí wọ́n sì kan ìyẹn mọ́, kì í ṣe ara lámínéètì.

Ohun kan tó kù, tí wọn kì í rántí títí di alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí: ilẹ̀ yín máa ga sókè ní bíi mílímítà 11. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá àti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri wò lónìí, kí ẹ fi ègé lámínéètì àti fóòmù sábẹ́ wọn. Bí wọn kò bá kọjá, kí káfíńtà gé ìsàlẹ̀ wọn kí wọ́n tó tẹ́ ilẹ̀, kí ìdọ̀tí ayùn má baà bà sórí iṣẹ́ tuntun.